Ìbàdàn lẹ mọ̀, ẹ ò tíì mọ Láyípo: ìbéèrè lórí sáfà ímeèlì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà tó ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ ímeèlì oníṣòwò ti pọ̀ sí i, mẹ́ta ni mo mú níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ló gùn jù, ìdáhùn ẹ̀ náà gùn, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ẹrù kíkó ni mò ń ṣe ní Ring Road níbí, mọ́tò wa ń lọ Èkó, ó ń lọ Ìlọrin, ó ń dé Kánò. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà ní ọ́fíìsì. Látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, Gmail ọ̀fẹ́ la ń lò, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀, àfi bí ọmọbìnrin tó ń bá wa kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ kó ẹrù ṣe fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, tó sì jẹ́ pé inú ímeèlì tiẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ àwa àtàwọn kọ́sítọ́mà wà, a pè é pè é kò gbé e. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n ní sáfà ímeèlì tèmi, ẹ̀rọ tí á máa gba lẹ́tà wa wọlé tí á sì máa fi ránṣẹ́. Mo ti ra dómeènì .com.ng. Ọmọ àbúrò mi tó ń ka kọ̀ǹpútà ní poli bá mi rí desktop tòkunbọ̀ kan ní Queen Cinema, Core i5, RAM 4GB, hard disk 500GB, ó ní òun á fi Ubuntu, ìyẹn irú Linux kan tó ń darí ẹ̀rọ, sí i, òun á wá fi mailcow, sọ́fíwíà sáfà ímeèlì, lé e lórí, ó ní kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì wa, ráwútà tó ń lo síìmù ni. Mi ò tíì sanwó o. Ṣé kí n san án?

Ọ̀gá Onímọ́tò, Ring Road

ÌDÁHÙN

Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi, wọ́n ti sanwó tán, wọ́n ti gbé e kalẹ̀, ó ti ń gbóná gbì-gbì lábẹ́ tábìlì, kí wọ́n tó wá máa bi mí pé kí ló fà á. Ẹ má san án. Kì í ṣe pé ọmọ yẹn ń tàn yín o, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dé àyè kan, àmọ́ ẹ̀yìn ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ nílùú yìí pé Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo. RAM àti hard disk, Ìbàdàn nìyẹn, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Láyípo ibẹ̀ ni laìnì íntánẹ́ẹ̀tì yín, ibẹ̀ gan-an sì ni sáfà ímeèlì ti máa ń kú kó tó jí.

Sáfà ímeèlì kì í kàn ṣe nǹkan tó ń jáde lọ bíi fóònù yín, òun gan-an gbọ́dọ̀ jókòó sójú kan káwọn sáfà yòókù wá máa kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Tí sáfà kan ní Jámánì bá ní lẹ́tà fún yín, pọ́ọ̀tù 25, ilẹ̀kùn tí lẹ́tà ń gbà wọlé, ló máa kàn, kò mọ òmíì. Ráwútà onísíìmù yẹn ńkọ́? Àwọn tó ta síìmù sábà máa ń kó ogunlọ́gọ̀ oníbàárà sẹ́yìn IP kan ṣoṣo, ìyẹn nọ́ńbà àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ilé face-me-I-face-you tí géètì ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ẹni tó mú lẹ́tà dé géètì ò mọ yàrá tẹ́ ẹ wà, ó yíjú padà nìyẹn. Ẹ ní kí ọmọ yẹn wọnú ojú ìwé ráwútà kó wo IP tí wọ́n kọ síbi WAN. Tó bá ti wà láàárín 100.64 sí 100.127, ọ̀rọ̀ bùṣe, ilé face-me-I-face-you lẹ wà, kò sí RAM tó lè yọ yín níbẹ̀. Tí kò bá sí láàárín ìyẹn, ẹ lọ sí ìkànnì èyíkéyìí tó máa ń sọ IP èèyàn fún un kẹ́ ẹ fi wé ti ráwútà, tí méjèèjì ò bá bára mu, ibì kan náà la ṣì wà.

Ká tiẹ̀ ní ẹ ní IP tiyín tí kì í yí padà, ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀tù 25 ṣì ń bẹ nílẹ̀. Nítorí àwọn tó ń fi spam da gbogbo ayé láàmú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ilẹ̀kùn yẹn pa lórí laìnì ilé àti ti fóònù. Wíwò ẹ̀ ò le: ẹ gbé láptọ́ọ̀pù kan sórí laìnì yẹn, kẹ́ ẹ tẹ telnet gmail-smtp-in.l.google.com 25. Tí wọ́n bá fi nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 220 dá yín lóhùn, ọ̀nà là láti jáde. Tó bá kàn dákẹ́ lọ gbári, wọ́n ti tì í. Ìṣẹ́jú kan ni, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹ ò tiẹ̀ ní láti ra desktop kankan kẹ́ ẹ tó mọ̀. Àtijáde nìkan nìyẹn fi hàn o, ti àtiwọlé, ẹ máa ní láti pe ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín kẹ́ ẹ bi wọ́n lójúkojú, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì ẹ̀ ránṣẹ́, torí ẹni tó gbé fóònù lónìí kọ́ lẹ máa bá lọ́la.

Bẹ́ ẹ bá ti wà lórí fóònù pẹ̀lú wọn, ẹ bèèrè PTR náà. Bí orúkọ yín ṣe ń tọ́ka sí IP, IP náà gbọ́dọ̀ lè dárúkọ yín padà. Kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti ra dómeènì lẹ ti máa ṣe é, ẹni tó ni IP ló ń kọ ọ́, ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ lójú. Láti February 2024 ni Gmail àti Yahoo ti sọ ọ́ di ọ̀ranyàn, ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sáwọn èèyàn wọn gbọ́dọ̀ ní PTR tó bára mu, kó sì ní SPF tàbí DKIM, àwọn ẹ̀rí tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà ti wá lóòótọ́. Àwọn tó ń fi tó 5,000 ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́ tún gbọ́dọ̀ ní méjèèjì, kí wọ́n fi DMARC lé e, òun ló ń sọ ohun tí wọ́n á ṣe sí lẹ́tà ayédèrú. Ẹ̀yin ò lè dé 5,000, ẹrù lẹ ń kó, ẹ ò ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò gba RAM kankan.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí desktop Queen Cinema.

Àwọn tó ṣe mailcow kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, wọn ò fi pamọ́: RAM 6GB pẹ̀lú swap 1GB, àyè disk tó ń ran RAM lọ́wọ́, ló kéré jù, disk 20GB láì tíì ka ẹyọ lẹ́tà kan mọ́ ọn. 4GB yín ò tiẹ̀ dé ẹnu géètì. Wọ́n tún ní èèyàn bíi márùn-ún sí mẹ́wàá, 8GB. Wọ́n wá fi ilé iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ní fóònù 15 tó ń gba lẹ́tà lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìsopọ̀ IMAP, ọ̀nà tí fóònù àti láptọ́ọ̀pù ń gbà ka lẹ́tà, bíi 50 tó ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní kírú wọn pèsè 16GB. Fóònù 15! Àfi bíi pé ọ́fíìsì yín ni wọ́n ń wò lójú fèrèsé. Ẹ má jẹ́ kí 50 yẹn yà yín lẹ́nu, ẹnì kan á ṣí i lórí fóònù, á ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn á sì ṣí bíi méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti pé.

Ohun tí wọ́n ń pè ní minimum yẹn, ẹ jẹ́ kó yé yín, àjẹmákùú ni, kì í ṣe àjẹyó. Ó túmọ̀ sí pé sọ́fíwíà náà á lajú, kò túmọ̀ sí pé á ṣiṣẹ́. Micra lè gbé àpò símẹ́ńtì láti Challenge dé Mókọ́lá, òótọ́ ni, mo ti rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yin onímọ́tò lẹ máa sọ fún mi bí spring ẹ̀ á ṣe rí lẹ́yìn oṣù kan.

Ó ti ṣe èmi náà rí, kí n má purọ́. Láìpẹ́ sígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo gbé sáfà ímeèlì kan sí ọ́fíìsì lọ́yà kan, RAM 4GB, irú tiyín gẹ́lẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kìíní, ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n fún mi lówó mi, mo gba ilé lọ. Ló bá di pé wọ́n ń pè mí, pé ímeèlì ò gbà wọ́n wọlé, tí n bá fi máa débẹ̀ tí mo tan án padà, á dáa. Mo bá iná jà, mo bá ínfátà jà, mo ní kí wọ́n ra ráwútà tuntun, wọ́n rà á o, Ọlọ́run dárí jì mí. Ìgbà tó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo tó jókòó ka log, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, mo wá rí i pé ClamAV ni, antivirus tó ń yẹ inú lẹ́tà wò. Ìwé àwọn kòkòrò tó ń kó sórí nìkan ju 1GB lọ nínú RAM, tí ìwé tuntun bá sì dé, kì í ju ti àtijọ́ nù kó tó gbé tuntun, ńṣe ló máa gbé méjèèjì dání lẹ́ẹ̀kan náà fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn ni RAM máa ń tán, Linux á wá wo ẹni tó sanra jù nínú ilé, á pa á kí àwọn tó kù lè ráyè mí. Nígbà míì antivirus fúnra ẹ̀ ló ń pa, nígbà míì database, tó bá sì ti pa database, kò sẹ́ni tí pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ máa gbà mọ́. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ojú ìwé tí mi ò kà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo dá owó ráwútà yẹn padà fún wọn, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, oṣù mẹ́ta.

Ti disk, 500GB dún dáadáa létí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣèṣirò. Ká ní ẹnì kan ń gba lẹ́tà 40 lóòjọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500KB, ẹ̀yin 15 á jẹ 300MB lóòjọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, bíi 8GB nìyẹn, ọdún kan á fẹ́ẹ̀ tó 94GB. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń ya fọ́tò waybill ránṣẹ́, ẹ ò sì ní máa ka 500KB, fọ́tò fóònù ayé òde òní ti kọjá ìyẹn. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: fáìlì tẹ́ ẹ bá so mọ́ ímeèlì máa ń wú ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó bá ń rìnrìn àjò, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di lẹ́tà A, B, D kó tó lè gba ojú ọ̀nà kọjá. Fáìlì 6MB di 8MB. Postfix, sọ́fíwíà tó ń gbé lẹ́tà wọlé tó ń gbé e jáde, tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan ètò ẹ̀ kì í gba ju 10,240,000 bytes lọ, ìyẹn bíi 10MB, torí ẹ̀ ni fáìlì 8MB tójú yín rí bí ẹni pé ó kéré ṣe ń padà wálé. Ohun tí mo sì kórìíra jù nínú desktop yẹn kì í ṣe pé 500GB kéré, hard disk tó ń yí ni, tòkunbọ̀ sì ni, a ò mọ ọdún tó ti lò lókè òkun. Database àti wíwá ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà máa ń wọ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lórí ẹ̀. SSD, disk tí kì í yí, ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì ní ọ̀kan níta tẹ́ ẹ ń ṣe ẹ̀dà sí.

Ubuntu tó ní òun á fi sí i, ẹ bi í pé èwo. Tó bá ní 18.04 tó ti wà lórí flash ẹ̀ látijọ́, ẹ ní kó lọ dáńlóòdù tuntun, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ìyẹn parí ní 2023. CentOS 7 náà ti parí ní June 2024, mo ṣì ń rí i káàkiri. 22.04 wà títí 2027, 24.04 títí 2029. Kó má sì gbé e sórí ẹ̀rọ tí nǹkan míì ti wà lórí ẹ̀, ẹ̀rọ tó mọ́ gaga ni wọ́n ń fẹ́, torí tí sọ́fíwíà míì bá ti jókòó sórí pọ́ọ̀tù 25, 80, 443, 587 tàbí 993, ìjà dé. Orúkọ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ gùn dópin, irú bíi mail, kí orúkọ dómeènì yín tẹ̀ lé e, kì í ṣe localhost.

Ẹ ò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ iná, àmọ́ mo mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn yín. Ohun tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù jù, òun gan-an ló rọrùn jù níbẹ̀. Tí sáfà yín bá kú, lẹ́tà tó ń bọ̀ kì í sọnù, ẹni tó fi ránṣẹ́ á tọ́jú ẹ̀ á máa padà wá kan ilẹ̀kùn, Postfix máa ń gbìyànjú fún ọjọ́ márùn-ún kó tó ní kò ṣe mọ́. Torí náà tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ kan, kò séwu fún lẹ́tà. Ẹ̀yin lẹ ò ní rí i kà títí iná á fi dé, ewu tó sì wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ kú lójijì níbi tó ti ń kọ nǹkan sórí disk. Ìdí tẹ́ ẹ fi nílò UPS nìyẹn, kó lè pa ara ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n wá padà sórí lẹ́tà yín, torí mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe sáfà ló dùn yín. Ọmọbìnrin tó kó lẹ́tà lọ ló dùn yín. Dómeènì tẹ́ ẹ ti rà yẹn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, ẹ lè háyà ímeèlì lórí ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, kí kálukú ní orúkọ ẹ̀ lórí dómeènì yín, kọ́kọ́rọ́ gbogbo ẹ̀ á wà lọ́wọ́ yín, ẹni tó bá lọ, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ padà lọ́jọ́ yẹn, lẹ́tà ò kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì fẹ́ tiyín dandan, ẹ háyà VPS, ìyẹn sáfà tí wọ́n ń fi háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ní RAM 16GB àti IP tí kì í yí, tí wọ́n gbà láti ṣí pọ́ọ̀tù 25 àti láti kọ PTR, kí ọmọ àbúrò yín wá gbé mailcow ẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ yẹn á rí iṣẹ́ kọ́, ẹ ò sì ní gbọ́ ariwo fáànù ní ọ́fíìsì.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, àwa mẹ́ta péré la ń lo ímeèlì. Mo ti háyà VPS RAM 2GB fún ọdún kan, mo ti sanwó ẹ̀ tán. Ẹnì kan ní tí n bá ti pa ClamAV, mailcow á gbà síbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Aláṣọ

ÌDÁHÙN

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ò jẹ ẹ́ kọ̀wé kẹ́ ẹ tó sanwó. Òótọ́ ni pé wọ́n gbà yín láàyè láti pa á, SKIP_CLAMD=y ni wọ́n ń kọ sínú mailcow.conf, RAM á sì lọ sílẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n 2GB ṣì kéré fún mailcow, ohun tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ClamAV nìkan. Postfix àti Dovecot tó ń tọ́jú lẹ́tà fún yín lásán, láìsí ariwo yòókù, á gba inú 2GB fún èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú àyè tó ṣẹ́kù, Postfix tó jáde ní 1998, RAM mélòó làwọn èèyàn ní nígbà yẹn? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ máa nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé kalẹ̀ lọ́wọ́, kò ní ojú ìwé aláràbarà tẹ́ ẹ máa tẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan kan sórí ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ systemd-detect-virt, kẹ́ ẹ lè mọ irú VPS tó jẹ́. Tó bá dáhùn kvm, ẹ máa bá a lọ. Tó bá dáhùn openvz tàbí lxc, mailcow ò gbà á rárá, ì báà jẹ́ RAM 64GB. Ẹ bèèrè pọ́ọ̀tù 25 náà, torí lórí VPS pàápàá wọ́n máa ń tì í: Amazon ń tì í títí ẹ ó fi kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, Google Cloud náà sábà máa ń tì í. Tí wọ́n bá kọ̀ láti ṣí àtijáde nìkan, ẹ lè gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì tó ń ta relay fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí pọ́ọ̀tù 587. Tí wọ́n bá kọ̀ àtiwọlé, ẹ gba owó yín padà tí wọ́n bá gbà.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà, ọ̀gá mi ní Sángo ní àwọn fẹ́ Exchange, sáfà ímeèlì ti Microsoft, torí òun ni wọ́n ń lò ní báńkì tóun ti ṣiṣẹ́ rí. Kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀, mo tẹ uname -m lórí ẹ̀, ó kọ i686. Kí ni n sọ fún un?

Ọmọ Iṣẹ́

ÌDÁHÙN

Àbúrò, i686 túmọ̀ sí pé 32-bit ni ohun tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn, Ubuntu tuntun ò sí fún un mọ́, mailcow náà x86_64 tàbí ARM64 ló ń bèèrè. Kọ́kọ́ tẹ lscpu kó o wo bóyá ó kọ 64-bit síbi CPU op-mode, tó bá kọ ọ́, ẹ̀rọ náà lè gbé tuntun, Linux àtijọ́ ni wọ́n fi sí i. Ti Exchange, fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún ọ̀gá ẹ: Exchange Server 2019, RAM 128GB ni Microsoft fọwọ́ sí fún un, ó tún ń fẹ́ Windows Server àti Active Directory, ìtọ́jú ẹ̀ sì parí ní October 14, 2025. Má ṣe sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, bẹ̀rẹ̀ láti orí 128GB, á ṣeé ṣe kó o má ní láti sọ èyí tó kù.